Ìbúgbàù Kejì

"Ẹ jẹ́ ká fi èlùbọ́ ṣe é lọ́tẹ̀ yìí," ni Ìbíwùmí wí.

Àwọn tó jókòó yí tábìlì ká wo ara wọn lójú. Ẹ̀rín fẹ́ pa Ṣégilọlá, atọ́kùn ètò, ṣùgbọ́n ó yára fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, nítorí ọ̀pá-etí tó dúró ní igun yàrá kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rín àti ariwo. Iná kékeré tó wà lórí rẹ̀ ṣì ń tàn bí ewé tútù. Bó bá pọ́n pẹ́nrẹ́n, àwọn ọlọ́pàá Etí á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Èlùbọ́ tí à ń jẹ yìí?" Kúforíjì, olùdarí ètò, béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Òun náà ni, Ọ̀gá. Àká àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ìlú tí kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́. Bí eruku èlùbọ́ bá kún inú rẹ̀ tó sì pàdé iná, yóò tú jáde bí òdòdó ńlá lójú kámẹ́rà. Àwọn ọmọ á rí i pé ohun tó wà nínú ìkòkò ìyá wọn náà lè bú gbàù. Ilẹ̀ kò sì ní mì rárá."

"Kò ní dún tó," ni Kúforíjì wí. "Ohun tó máa gbọ̀n wọ́n láyà làwọn èèyàn ń dúró dè."

"Àyè láti pariwo ni wọ́n ń dúró dè, Ọ̀gá. Ohun yòówù ká bú, wọ́n á pariwo."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ní gbogbo ìlú Ayégún, ètò "Ó Bú" nìkan ló ní àṣẹ láti dún. Nígbà ogun, àwọn ẹ̀rọ afò ti àwọn ọ̀tá a máa tọ ariwo wá, wọn a sì ju àdó olóró sí ibi tó bá ti ń jáde. Ogun parí, òfin kò parí. Ìyá tọ́mọ rẹ̀ bá bú sẹ́kún a gbé e sáré lọ sí ilé ẹkún, tí ohùn kì í jáde nínú rẹ̀. Àkùkọ ń sùn nínú àpótí fóòmù. Wọ́n ti fi rọ́bà wé ẹnu ọmọ odó. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí Ìbíwùmí ẹnjiníà bá ti fẹ́ bú nǹkan lórí tẹlifíṣàn, Ilé-iṣẹ́ Ìdákẹ́rọ́rọ́ a dí gbogbo ọ̀pá-etí ìlú fún ìgbà díẹ̀ kí ohùn náà má bàa bà wọ́n jẹ́. Àìgbọ́ ni wọ́n ń pe àkókò yẹn. Bí ìbúgbàù bá ti dún, gbogbo ìlú á lanu. Tọkọtaya á bá ara wọn jà tẹ́rùn. Àwọn kan á kọrin. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ á pe orúkọ òkú rẹ̀. Lẹ́yìn náà iná ewé á tún tàn, kálukú á gbé ohùn rẹ̀ mì.

Ṣégilọlá dábàá pé kí wọ́n to àwọn fíríìjì tó ti bàjẹ́ jọ bí òkè, kí wọ́n fọ́n wọn ká. Bámgbàlà, igbákejì Ìbíwùmí, ní òun rí ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ kan tí wọ́n lè bú lórí omi adágún. Kúforíjì ń mi orí sí gbogbo rẹ̀.

Ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù sọ̀rọ̀.

Dáwódù ni aṣojú Ilé-iṣẹ́ Ìdákẹ́rọ́rọ́. Kì í sọ̀rọ̀ nípàdé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó gé Àìgbọ́ tí wọ́n bá béèrè fún kúrú, kó fọwọ́ sí i, kó sì máa lọ. Lọ́jọ́ yìí, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ ṣe èyí tó pẹ́," ó wí. "Kí ó máa bú tẹ̀ léra, bí ìgbà tí ààrá bá ń sán. Mo lè fún yín ní odidi ìṣẹ́jú kan."

Ẹnu ya gbogbo wọn. Kò sí Àìgbọ́ kankan rí tó gùn ju ìgbà tí èèyàn fi ń wọ bàtà lọ.

"Kí ló dé, sà?" Ìbíwùmí bi í. "Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé bí Etí bá dí pẹ́, àwọn ẹ̀rọ ọ̀tá lè wọlé ká má mọ̀."

"Ìjọba fẹ́ kí inú ará ìlú dùn."

"Láti ìgbà wo?"

Dáwódù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹnjiníà, ẹ múra sí tiyín, ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Àbí ìṣẹ́jú kan ti pọ̀ jù fún yín?"

Kúforíjì dá a lóhùn kíákíá pé kò pọ̀ jù, àwọn dúpẹ́. Wọ́n fi iṣẹ́ ńlá náà sí Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀, kí wọ́n lè rí àyè múra. Ìbíwùmí kò gbójú kúrò lára Dáwódù. Ẹni tí kì í fúnni lómi mu, bó bá wá ń gbé oyin bọ̀, ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wo inú ìgò náà dáadáa.

*

Bó ṣe jáde sí ẹnu géètì, ó bá obìnrin àgbàlagbà kan tó dúró lábẹ́ igi, tó fara ti ọ̀pá tí wọ́n fi rọ́bà wé lẹ́nu.

"Ìwọ ni ẹnjiníà tó ń bú nǹkan?"

Ìbíwùmí kúnlẹ̀ kí i. "Èmi ni, mà. Ẹ kú ìdúró."

"Ẹfúnyẹmí lorúkọ mi. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Òkè Agbọ́n títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ náà ni mò ń gbé. Ilé mi ń là, ọmọ mi. Ti aládùúgbò mi náà ń là. Ọjọ́ tí ẹ bá ti ṣe ètò yín ló máa ń là sí i."

Ìbíwùmí ti gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ní ìdáhùn. "Mà, Òkè Agbọ́n jìnnà sí wa. Gbogbo ìlú ló wà láàárín. Bá a bá tilẹ̀ bú ohun tó tóbi jù, igi etí adágún kò ní ju ewé sílẹ̀ torí pé ilẹ̀ mì. Kò lè jẹ́ àwa."

"Ṣé mo ní ẹ̀yin ni?"

Ìbíwùmí sún mọ́ ọn díẹ̀.

"Mo ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é," Màmá Ẹfúnyẹmí wí. "Ẹni tó bá kọ́ sáyẹ́ǹsì ó yẹ kó gbọ́ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Mo ti lọ sí Ilé-iṣẹ́ Ìdákẹ́rọ́rọ́. Wọ́n ní Etí kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní báwo ló ṣe máa gbọ́, nígbà tí ẹ dí i? Wọ́n ní kí n rọra sọ̀rọ̀."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bíi pé igi lè máa fetí sílẹ̀. "Wá sílé mi ní Àbámẹ́ta yìí. Má sọ fún wọn ní ibi iṣẹ́ rẹ pé ọ̀dọ̀ mi lò ń bọ̀."

*

Ìbíwùmí sọ fún wọn pé ara òun kò yá. Bámgbàlà ló dúró nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ohun kékeré ni wọ́n fẹ́ bú: agbada irin kan tí wọ́n so rọ̀ sókè pátápátá lórí omi adágún. Ìbíwùmí fúnra rẹ̀ ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá bú lófuurufú, ojú ọ̀run ni yóò gbé ohùn rẹ̀ lọ, ilẹ̀ kò ní mọ nǹkan kan sí i.

Ó jókòó sí yàrá àlejò Màmá Ẹfúnyẹmí, tẹlifíṣàn ń tàn láìsí ohùn lára ògiri. Ògiri náà ti là láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n sì ti rẹ́ ẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Ife omi kan wà lórí tábìlì. Lójú tẹlifíṣàn, Ṣégilọlá na ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè bó ti máa ń ṣe, ó ń ká wọn kò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ka òǹkà sókè láyé ìsinsìnyí, nítorí náà gbogbo ìlú ló máa ń ká ìka tiwọn kò pẹ̀lú rẹ̀.

Ìka tó kù ká kò. Agbada fọ́n ká lójú tẹlifíṣàn.

Lẹ́sẹ̀ kan náà, ilẹ̀ fò lábẹ́ ẹsẹ̀ Ìbíwùmí. Kì í ṣe ohùn ló kọ́kọ́ dé bá a, ìkọlù ni, bíi pé ẹnì kan fi orí kan pákó ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Omi ta jáde nínú ife. Sìmẹ́ǹtì wó lára ògiri. Àwọn ará òkè ti ń pariwo nínú ilé wọn gbogbo, Màmá Ẹfúnyẹmí náà sì ti dìde, ó dojú kọ fèrèsé, ó ń ké ní ohùn tí èèyàn kò lè rò pé ó wà nínú ara tínínrín bẹ́ẹ̀:

"Àkànmú o! Àkànmú, ọkọ mi o!"

Ó pe ọkọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ni ohùn mìíràn tó gba orí ìlú kọjá wá láti ọ̀nà jíjìn, ó rọlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìgbà tí wọ́n bá gbọn aṣọ lọ. Bùù.

Iná ọ̀pá-etí òpópónà tún tàn, òkè dákẹ́ rọ́rọ́.

"Tiwa nìyẹn," Ìbíwùmí wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí ni tiwa. Mà, ta ló ni èyí àkọ́kọ́?"

Màmá Ẹfúnyẹmí nu ojú rẹ̀. "Tẹ̀ lé mi."

Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí apá kejì òkè. Ibẹ̀ ni wọ́n bá ọgbà kan tí wọ́n fi irin gíga yí ká. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ọgbà ẹyẹ ìjọba ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ kí ó má bàa dẹ́rù ba àwọn ẹyẹ. Ìbíwùmí gbójú sókè. Kò rí ẹyẹ kankan. Ohun tó rí ni eruku funfun tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn irin náà, àti ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n fi fóòmù wé táyà rẹ̀, tó ń jáde lọ jẹ́ẹ́ bí ológbò. Òkúta tó kún ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán. Òkúta bátìrì ni. Òun náà ni gbogbo ẹ̀rọ ayé ń jẹ, òfin sì ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wa ilẹ̀ fún un níbi tí èèyàn bá ń gbé.

Ọkùnrin tó ṣí géètì fún ọkọ̀ náà wọ aṣọ aláwọ̀ eérú ti àwọn ọlọ́pàá Etí.

"Ilé mélòó ló wà lórí òkè yìí, mà?"

"Ilé gbogbo àwọn tí mo kọ́," Màmá Ẹfúnyẹmí dáhùn. "Abẹ́ wọn ni wọ́n ń jẹ lọ."

Ìbíwùmí rántí ìṣẹ́jú kan gbáko tí Dáwódù fi ta wọ́n lọ́rẹ. Bí ìbúgbàù kékeré kan bá la ògiri, kí ni ìṣẹ́jú kan yóò ṣe sí òkè tí wọ́n ti jẹ inú rẹ̀ tán?

*

Ní ọjọ́ Ajé, ó wọ ọ́fíìsì Kúforíjì. Ọ̀gá náà wo ojú rẹ̀. Ó dìde, ó ṣí omi ẹ̀rọ, ó jẹ́ kó máa ya sínú báṣíà, nítorí omi tó ń ya nìkan ni ọ̀pá-etí kì í kà sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ife.

"Sọ ọ́."

Ìbíwùmí sọ gbogbo rẹ̀, àfi orúkọ Màmá Ẹfúnyẹmí. Kúforíjì kò bojú wẹ̀yìn.

"Ṣé o ti sọ fún ẹlòmíràn?"

Ìbéèrè yẹn kò dùn mọ́ ọn. "Rárá, sà."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, Ọ̀gá?"

Kúforíjì tún ife tó ti mọ́ fọ̀. "Mo mọ̀ pé Dáwódù ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn nìkan ti tó bani lẹ́rù." Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀. "Ká ní a fẹjọ́ sùn. Kí la fẹ́ fi hàn nílé ẹjọ́? Òfin wa kò mọ ẹlẹ́rìí kankan lórí ọ̀rọ̀ ariwo ju Etí lọ. Ta ló ń ṣọ́ Etí? Dáwódù. Kí ni Etí gbọ́? Etí dí. Àwọn èèyàn ńkọ́? Ariwo tiwa ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì lanu, wọ́n fi tiwọn kún un. Ìwọ lo ń bo iṣẹ́ wọn mọ́lẹ̀, Ìbíwùmí. Ọwọ́ rẹ dára, ó sì bò ó dáadáa."

Ọ̀rọ̀ náà gún un bí abẹ́rẹ́. "Ẹ jẹ́ ká fagi lé ètò náà, sà."

"Wọ́n á fi Bámgbàlà rọ́pò rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò èmi." Ó ti omi náà pa, yàrá sì dákẹ́. Ó wá fi ohùn tí ọ̀pá-etí lè gbọ́ sọ pé, "Ẹnjiníà, fún mi ní ìbúgbàù oníṣẹ́jú kan tó dára. Kí o sì lọ sinmi."

Ìbíwùmí jáde, kò mọ̀ bóyá ọkùnrin náà kìlọ̀ fún òun ni tàbí ó halẹ̀ mọ́ òun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́. Kúforíjì ló gbà á síṣẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gba obìnrin sídìí ẹ̀tù. Síbẹ̀, ta ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dáwódù ní gbogbo ìpàdé? Ta ló sáré gba ìṣẹ́jú náà? Ó wo Bámgbàlà tó ń di wáyà, ó rò ó pé ta ló mọ ẹni tí òun náà ń bá sọ̀rọ̀ bó bá délé. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, bí ẹnì kan bá kí i, ó ń wá ohun tó wà lábẹ́ ìkíni náà.

Ṣùgbọ́n ohun kan tí Kúforíjì sọ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ariwo tiwa ni wọ́n gbọ́. Bí ariwo tiwa kò bá wá sí ńkọ́?

Òfin wà fún ìyẹn náà. Ẹni tó bá gba Àìgbọ́ tí kò lò ó, tó jẹ́ kí Etí ìlú dí lásán, ẹ̀sùn ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n máa fi kàn án, bíi pé ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀tá. Wọn kì í pẹ́ gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá sì dákẹ́ tí àwọn tó wà lẹ́yìn irin yẹn náà dákẹ́, òun nìkan ni ìtìjú àti ẹ̀wọ̀n máa bá. Òkè á ṣì wà níbẹ̀, Dáwódù á sì wá Àbámẹ́ta mìíràn.

Ó padà lọ bá Màmá Ẹfúnyẹmí.

"Ní ọjọ́ ètò, mà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà nínú ilé lórí òkè. Kí gbogbo wọn wà ní pápá ilé ẹ̀kọ́ nísàlẹ̀."

"Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ohun tí wọ́n á gbà gbọ́."

Màmá Ẹfúnyẹmí ronú, ó wá rẹ́rìn-ín láìjẹ́ kí ó dún. "Èmi ni mo kọ́ gbogbo wọn. Bí mo bá ní kí wọ́n wá ṣe ìdánwò, àwọn tó ti bímọ pàápàá ṣì máa ń gbọ̀n. Wọ́n á wá." Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. "Ìwọ ńkọ́? Kí ni wọ́n máa ṣe fún ẹ?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"O mọ̀," ni ìyá náà wí.

*

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́ kedere. Wọ́n ti to ìgò irin ńláńlá jọ sí etí adágún lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n lè máa bú tẹ̀ léra. Bámgbàlà ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó ní kò sí àléébù. Dáwódù wá fúnra rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá Etí méjì sì tẹ̀ lé e. Kò tíì wá síbi ìbúgbàù rí. Ó dúró lẹ́yìn Kúforíjì nínú àtíbàbà tí wọ́n ti ń darí kámẹ́rà, ó ń wo aago rẹ̀.

Ìbíwùmí jókòó sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Wáyà tó ń lọ sí àwọn ìgò náà wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ṣégilọlá kí àwọn òǹwòran pẹ̀lú ọwọ́ àti ojú. Gbogbo ọ̀pá-etí tó yí adágún ká paná. Àìgbọ́ ti wọlé. Ó na ìka rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn kò. Ìbíwùmí mọ̀ pé ní gbogbo ilé Ayégún, àwọn èèyàn ti mí sínú, wọ́n ń dúró de àmì.

Ó fa wáyà náà yọ.

Ìka tó kù ká kò. Ṣégilọlá tẹ bọ́tìnnì.

Kò sí nǹkan kan tó dún.

Ṣégilọlá tún un tẹ̀. Ó yíjú sí ìdí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ ń béèrè. Gbogbo ìlú ti lanu, ohùn kò sì jáde nínú ẹnu ẹnikẹ́ni, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ti yá. Ìbíwùmí gbọ́ bí omi adágún ṣe ń lá etí bèbè. Ó gbọ́ ọkàn ara rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn. Ó ronú pé, wọ́n ti mọ̀, wọn ò ní bú u, mo ti ba ayé mi jẹ́ lásán.

Òkè Agbọ́n wá bú.

Ohùn náà yí gba orí òrùlé gbogbo kọjá, ó nípọn, ó ń tinú ilẹ̀ wá. Kó tó lọ tán, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn. Eruku funfun gbéra lórí òkè ọ̀hún, ó ga ju ilé lọ. Kò sí ariwo kankan tó bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo Ayégún gbọ́ ọ.

"Ẹ gé e!" Dáwódù kígbe. "Kúforíjì, ẹ gé ètò yẹn kúrò lórí afẹ́fẹ́!"

Ìbíwùmí yíjú. Kúforíjì fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú. Ó wo ìlú náà, ó wo òkè, kò wo Ìbíwùmí rárá. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú, ó bá àwọn oníkámẹ́rà sọ̀rọ̀ ní ohùn tó já gaara:

"Ẹ yí i sí òkè. Gbogbo yín. Ẹ fà á súnmọ́ dáadáa."

"Ṣé orí rẹ pé báyìí?"

"Ẹ̀yin lẹ fún wa ní ìṣẹ́jú kan, sà," ni Kúforíjì wí. "Kò tíì pé."

Lójú gbogbo tẹlifíṣàn ìlú, irin ọgbà ẹyẹ náà tẹ̀, ó wó, àwọn ẹ̀rọ ìwalẹ̀ fara hàn, ihò dúdú tó wà lábẹ́ òkè là sílẹ̀ gbayawu. Dáwódù nawọ́ sí Ìbíwùmí. "Ẹ mú obìnrin yẹn! Ó fi Àìgbọ́ ṣòfò!"

Àwọn ọlọ́pàá Etí méjèèjì dì í lọ́wọ́ mú. Ìbíwùmí kò jà. Èyí tó kéré nínú wọn ń wo tẹlifíṣàn.

"Ṣé Òkè Agbọ́n nìyẹn?"

"Òun ni."

"Ìyá mi ń gbé níbẹ̀."

"Wọ́n wà ní pápá ilé ẹ̀kọ́," Ìbíwùmí sọ fún un. "Mo rò pé gbogbo wọn ló wà ní pápá."

Ọlọ́pàá náà wo Dáwódù. Ó jọ pé ó fẹ́ bi í ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó jọ̀wọ́ ọwọ́ Ìbíwùmí, ó sáré jáde, bàtà rẹ̀ onírọ́bà kò dún. Èkejì rẹ̀ dúró díẹ̀, òun náà jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Ìbíwùmí bojú wẹ̀yìn, ibi tí Dáwódù dúró sí ti ṣófo, Bámgbàlà sì dúró di ẹnu ọ̀nà àtíbàbà pẹ̀lú apá nínà, ó ń sọ pé, "Níbo lẹ̀ ń lọ, sà? Ẹ dúró, ẹ dúró ná."

Kúforíjì kò tíì gbé ojú kúrò lórí òkè. "Máa lọ," ó sọ fún Ìbíwùmí. Ìbíwùmí kò mọ ìgbà tí Ọ̀gá náà pinnu rẹ̀, bóyá nídìí báṣíà omi ọjọ́ yẹn ni, bóyá ìgbà tí ilẹ̀ dákẹ́ ni. Kò bi í léèrè.

*

Apá kan òkè ti rọ̀ wálẹ̀. Ibi tí ilé Màmá Ẹfúnyẹmí wà ti di òkìtì bíríkì àti páànù. Nísàlẹ̀, àwọn ará òkè àti ọlọ́pàá kékeré náà jọ ń fi ọwọ́ lásán hú ilẹ̀, wọ́n ń fa àwọn tó ń wa òkúta jáde nínú ihò, àwọn ọkùnrin tí eruku ti sọ di funfun, tí wọ́n ń wúkọ́, tí wọ́n ń sunkún. Ìyá ọlọ́pàá náà jókòó sórí koríko, ó ń pín omi.

Màmá Ẹfúnyẹmí dúró sórí pápá, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. Ìbíwùmí kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ewu, mà."

"Ewu iná kì í pa àwòdì."

"Ilé yín, mà..."

"Mo rí i. Dìde." Ìyá náà fà á sókè. "Ìwọ lo dákẹ́ lónìí?"

"Èmi ni, mà. Wọ́n á wá mú mi. Bí ẹjọ́ bá dé, wọ́n á sọ pé Etí kò gbọ́ nǹkan kan."

Màmá Ẹfúnyẹmí yíjú sí etí pápá. Àìgbọ́ ti parí tipẹ́. Ọ̀pá-etí tó wà níbẹ̀ ti ṣí padà, iná rẹ̀ sì pọ́n fòò nítorí ìró ilẹ̀ tó ń já àti ohùn àwọn tó ń wúkọ́. Ìyá náà rìn lọ sí iwájú rẹ̀, ó dúró síbi tí kò ti lè ṣì í gbọ́, ó sì yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ó wí ní ohùn kíláàsì rẹ̀ àtijọ́, "ta ló gbọ́ ọ?"

Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ti fi gbogbo ayé wọn kọ́. Láìsọ̀rọ̀, ọ̀kan na ọwọ́ sókè. Òmíràn nà án. Ọwọ́ kún orí pápá, ọwọ́ eléruku, ọwọ́ ọmọdé, ọwọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú ihò.

"Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀," ni Màmá Ẹfúnyẹmí wí. "Ẹ fẹnu sọ ọ́."

Wọ́n sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀, wọ́n sì lanu.